Apínlẹ́tà Tó Ń Wá Ilé fún Adìẹ Mẹ́rin

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Lẹ́tà fi pín lẹ́tà ládùúgbò wa. Kò sí géètì tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ó mọ èyí tó máa ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ó mọ èyí tó jẹ́ pé èjìká ni wọ́n fi ń tì í, ó sì mọ gbogbo èyí tí ajá wà lẹ́yìn rẹ̀ tí onílé ò kọ ọ́ síta. Ọkùnrin gígùn tín-ín-rín ni. Bó bá ń rìn, ńṣe ló dà bíi pé ilẹ̀ ló ń sá lọ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ fún un ní aago ògiri kan, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yà á ní fọ́tò, ó di ilé.

Ilé gan-an wá di ìṣòro. Ẹni tó ti ń jí láago márùn-ún láti ìgbà tó ti gbọ́njú ò lè ṣàdédé máa sùn títí oòrùn á fi yọ. Oṣù mẹ́ta gbáko, Bàbá Lẹ́tà á jí, á dán bàtà rẹ̀, á rìn dé ẹnu géètì ara rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ̀bí nílé ìwòsàn, tí kò sì tíì fẹ̀yìn tì ní tirẹ̀, á bá a níbẹ̀ bó bá ń lọ síbi iṣẹ́.

"Baálé mi, ta lẹ̀ ń retí?"

"Mi ò retí ẹnì kankan."

"Ẹni tí ò retí ẹnì kankan kì í dán bàtà o."

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan wọlé. Tíṣà ni àbúrò yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ síléèwé mìíràn nílùú tó jìnnà, àjà kẹrin ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló sì ti rí yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o." Ó ṣí ìdérí apẹ̀rẹ̀ náà, orí mẹ́rin sì yọ síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Abo adìẹ mẹ́rin ni, irú àwọn kéékèèké tí kì í dàgbà ju báyìí lọ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ò ju bàtà Bàbá Lẹ́tà lọ. Dúdú kan wà níbẹ̀ tó ń rìn bí ẹni tó fẹ́ wá yẹ iṣẹ́ wò. Ọ̀gá lorúkọ tirẹ̀. Pupa kan wà tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́; òun ni Ẹlẹ́jọ́. Èyí tó ní àmì tótòtó lára, tí kò sí ohun tó kàn án láyé, Sùúrù ni wọ́n ń pè é. Ti ìkẹyìn funfun báláú, ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Àbúrò ní Alárìnká lòun ń pe ìyẹn, àti pé kí ẹ̀gbọ́n òun máa ṣọ́ ọ.

"Mo ti fún yín pátápátá. Ẹ ṣáà bá mi wá ilé tó dáa fún wọn. Èyí tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi, ikán ti jẹ ẹ́ tán."

"Ilé kẹ̀?" Bàbá Lẹ́tà rẹ́rìn-ín. "Ilé wo ni mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ládùúgbò yìí?"

Ibi tó ti ṣì í nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ilé nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí agbẹ̀bí ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá páálí ńlá kan lọ́nà ilé ìdáná, nǹkan sì ń họ inú rẹ̀ kùrùkẹrẹ. Ó dúró, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo gbà lónìí. Mi ò mọ̀ pé mẹ́rin tún ń dúró dè mí nílé."

"Fún ọjọ́ díẹ̀ ni."

"Ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá di mẹ́rin, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa wọnú páálí."

Bàbá Lẹ́tà ò fi falẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta àga àti òdòdó inú ọgbà, ó sì rí ilé adìẹ kan níbẹ̀ tó wù ú dé inú egungun. Ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi kùn ún. Ó ní fèrèsé méjì tí wọ́n fi pákó funfun yí etí rẹ̀ ká, ó ní òrùlé ṣóńṣó, ó sì ní ilẹ̀kùn kékeré kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń dán bí wúrà. Lára páálí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó gba adìẹ mẹ́fà. Wọn ò sọ irú adìẹ tó jẹ́. Bóyá àwọn tó ṣì wà nínú ẹyin ni.

Ó tò ó pọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Agbẹ̀bí jáde wá wò ó, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ó dáa ju yàrá tá a kọ́kọ́ gbé nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ mi lọ."

Àmọ́ adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Igi tí wọ́n fi sínú ilé náà fún àwọn adìẹ láti máa bà lé kò ga ju ìka mẹ́rin lọ sílẹ̀, ìtẹ́ tí wọ́n máa yé ẹyin sí ló wá wà lókè. Kò sí adìẹ tó dá igi náà mọ̀. Inú ìtẹ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ́ ara wọn sí, ìdí ti Ọ̀gá wà lórí Sùúrù, ti Ẹlẹ́jọ́ wà níta. Bí oòrùn ọ̀sán bá dé, tí Bàbá Lẹ́tà bá ki ọwọ́ bọ inú ilé náà, ńṣe ló dà bí ẹni ki ọwọ́ bọ inú ààrò. Òjò kan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ rọ̀ ní ọjọ́ kẹta, ó gba etí òrùlé wọlé, ó sì sọ gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ di ẹrẹ̀. Gbígbá rẹ̀ ló tiẹ̀ wá burú jù. Ilẹ̀kùn náà ò gba èjìká, kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí sì pọ̀ sí jù ni ọwọ́ kò dé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá Lẹ́tà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó ti orí bọ ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ, kó lè rí kọ̀rọ̀ náà dáadáa. Orí wọlé láìsí wàhálà. Àtijáde ló di ọ̀ràn. Bó bá fà á sẹ́yìn, etí á há. Bó bá tẹ̀ ẹ́, àgbọ̀n á há.

"Ìyá!" Ohùn rẹ̀ ń jáde láti fèrèsé méjèèjì. "Ìyá, máa bọ̀ o!"

Agbẹ̀bí sáré jáde. Ẹsẹ̀ gígùn méjì ló rí lórí ilẹ̀, kò rí orí. Ọ̀gá àti Sùúrù dúró sí apá kan, Alárìnká dúró sí apá kejì, gbogbo wọn ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ẹlẹ́jọ́ sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lọ́tọ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi ẹ̀yìnkùlé mú. Lẹ́yìn náà ló rántí iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má fà á."

"Ó ń dùn mí!"

"Mo ní ẹ má fà á. Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ dẹ ọrùn yín."

"Lọ gbé ayùn wá!"

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ yí àgbọ̀n yín sápá ọ̀tún. Díẹ̀ sí i. Áà, ó ń bọ̀. Ẹ sinmi. Ó yá, ẹ mí, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀..."

Orí jáde. Ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, ohun mìíràn tí a ò ní dárúkọ sì lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú. Agbẹ̀bí fi etí ìró nù ún fún un, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó yẹ etí méjèèjì wò.

"Ọmọ tí mo ti gbà láyé mi ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n."

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn adìẹ náà kọ ilé aláwọ̀ ojú ọ̀run sílẹ̀, orí igi ni wọ́n ń sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta péré ló sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Lẹ́tà wá abẹ́ igi, ó wá ẹ̀yìn garawa omi, ó wá orí páànù ilé ìdáná. Alárìnká ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn rẹ̀, kòò, kòò, láti òdìkejì ògiri. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì tún dàrú lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé nínú gbogbo ilé tó wà ládùúgbò, ilé tí kò fẹ́ kan géètì rẹ̀ nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀ yìí kí èyí tó kù lè yé yín. Wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ ni ọkùnrin náà. Òun ló jó ìdajì géètì tó wà ládùúgbò, Ọ̀gá Wẹ́dà sì ni gbogbo ayé ń pè é. Kúkúrú ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa irin lórí sìmẹ́ńtì. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Wẹ́dà, bàbá arúgbó kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn, kọ lẹ́tà sí i pé ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lòun máa bá dé, kí àbúrò òun wá pàdé òun. Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà náà dé ọwọ́ Bàbá Lẹ́tà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ajá Ọ̀gá Wẹ́dà, tó jẹ́ òǹrorò nígbà náà, sì wà lẹ́nu géètì láìsí okùn lọ́rùn. Ó ní, "Ilé ti ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Màá fún un lọ́la." Lọ́la, ó gbàgbé. Ọjọ́ Ajé ló tó rántí. Ẹ̀gbọ́n ti jókòó sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò rẹ́ni pàdé rẹ̀.

Ọ̀gá Wẹ́dà bi í léèrè látorí ògiri nígbà náà: "Ìgbà wo ni lẹ́tà yìí dé?"

Bàbá Lẹ́tà dáhùn pé, "Bó ṣe dé ni mo ṣe mú un wá."

Irọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ káàárọ̀, ẹ kúùrọ̀lẹ́, ìyẹn nìkan ló kù láàárín wọn.

Bàbá Lẹ́tà wá dúró níwájú géètì tó ti kàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àmọ́ kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn án. Ọ̀gá Wẹ́dà ṣí i.

"Ẹ káàárọ̀."

"Ẹ káàárọ̀." Ọ̀gá Wẹ́dà wo ọwọ́ rẹ̀. "Lẹ́tà ni?"

"Rárá o. Adìẹ ni."

Ọ̀gá Wẹ́dà ṣí géètì gbayawu, ó sì na ìka sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ajá ọjọ́sí náà ló nà gbalaja síbẹ̀. Ó ti darúgbó, imú rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ kan sì ti ń ṣe bàìbàì. Àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú méjèèjì ni Alárìnká jókòó sí bí ẹni tó sanwó ilé.

"Láti ìdájí ló ti wà níbẹ̀," Ọ̀gá Wẹ́dà wí. "Mo gbé oúnjẹ fún ajá, ó kọ̀, kò fẹ́ dìde, kó má bàa dí i lọ́wọ́. Ṣé kò nílé ni?"

"Ó nílé. Ilé ọ̀hún ni kò fẹ́."

Ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn ni, bóyá Ọ̀gá Wẹ́dà ì bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àmọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ò lè gbọ́ pé ilé kan ò dáa kó má fẹ́ lọ wò ó. Ó mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, ó tẹ̀ lé e. Ó yí ilé aláwọ̀ ojú ọ̀run náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fi èékánná gbá a, kó kó, ó tẹ òrùlé rẹ̀, òrùlé sì tẹ̀.

"Ọ̀dà ló mú un dúró," ló wí. "Ẹ ha ọ̀dà yẹn kúrò báyìí, ilẹ̀ lẹ máa bá ilé. Ta ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọmọlangidi?"

"Wọ́n ní ó gba mẹ́fà."

"Mẹ́fà kí ni? Aláǹgbá?"

Bàbá Lẹ́tà rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Wẹ́dà ti mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Irin. Irin nísàlẹ̀, irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin lórí. "Bí mo bá jó o tán, erin ò ní wọlé." Bàbá Lẹ́tà ní kì í ṣe erin ló ń da àwọn láàmú, oòrùn ni. Ọ̀gá Wẹ́dà ní kí ló mọ̀ nípa irin. Bàbá Lẹ́tà ní kí ni òun náà mọ̀ nípa adìẹ. Wọ́n jiyàn níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ìyẹn sì pọ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ fún ọdún mẹ́rin lọ. Níkẹyìn, Bàbá Lẹ́tà rántí Màmá Ẹlẹ́yin, tó ń gbé níbi tí òpópó wa parí sí, tó sì ti ń sin adìẹ ṣáájú kí òun tó gbé àpò lẹ́tà kọ́ èjìká.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bi í."

Wọ́n lọ. Bàbá Lẹ́tà ń ju ẹsẹ̀, Ọ̀gá Wẹ́dà ń sáré tẹ̀ lé e.

Màmá Ẹlẹ́yin ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò tíì lé ní ogún. Ó rí wọn lókèèrè.

"Apínlẹ́tà! Mo rò pé o ti kú."

"Mo fẹ̀yìn tì ni, mà."

"Ìkan náà ni fún ẹlòmíì. Wọlé."

Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ti orí tó há. Ó ní kí wọ́n tún ti orí sọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn tó ti nu omi ẹ̀rín kúrò lójú, ó béèrè pé, "Níbo ni wọ́n ń sùn báyìí?"

"Orí igi, mà."

"Wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn. Òkè ni wọ́n fẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́. Adìẹ kì í mọ bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ sí ibi tó bá ga jù. Bí ìtẹ́ bá ga ju igi lọ, inú ìtẹ́ ni wọ́n á sùn, inú ìtẹ́ náà ni wọ́n á ya ìgbẹ́ sí, ẹyin elérùpẹ̀ lẹ ó sì máa jẹ. Ẹ gbé igi sókè, ẹ gbé ìtẹ́ wálẹ̀. Kí igi ọ̀hún fẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n lè jókòó lé ẹsẹ̀ wọn."

Ó mú wọn lọ wo ilé adìẹ tirẹ̀. Kò rẹwà. Pákó lásán ni, òjò ti sọ ọ́ di eérú. Àmọ́ nígbà tí Bàbá Lẹ́tà bẹ orí wò ó, kò gbóòórùn nǹkan kan ju ti èérún pákó gbígbẹ lọ. Lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé, ni wọ́n dá àlàfo sí yíká, wọ́n sì fi wáyà oníhò kéékèèké dí i, kí afẹ́fẹ́ máa gba orí àwọn adìẹ kọjá láìfẹ́ lù wọ́n lára. Màmá Ẹlẹ́yin ní bí àtàǹpàkò bá ti lè gba inú ihò wáyà kọjá, èkúté náà á gbà á kọjá.

Ọ̀gá Wẹ́dà wúkọ́. "Irin ńkọ́, mà? Bá a bá fi irin ṣe gbogbo rẹ̀?"

"Gbé ọwọ́ lé garawa yẹn."

Garawa irin kan wà nínú oòrùn. Ọ̀gá Wẹ́dà gbé ọwọ́ lé e, ó sì yọ ọ́ kíá.

"O fẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀ àbí o fẹ́ kí wọ́n jinná síbẹ̀?"

Bàbá Lẹ́tà ń gbádùn èyí gan-an, àfi bí Màmá Ẹlẹ́yin ṣe yíjú sí òun náà.

"Ta ló máa máa gbá a?"

"Èmi ni, mà."

"Nàró." Ó ti nàró. Màmá Ẹlẹ́yin wò ó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì mi orí. "Ìwọ ni kí wọ́n wọ̀n. Àwọn adìẹ rẹ kéré, wọn ò ní wàhálà. Ìwọ ni wàhálà. Ilé adìẹ tó bá ṣòro gbá, kò ní pẹ́ tó fi máa sú ẹni tó ń gbá a. Èyí tí wọn ò bá sì gbá, àìsàn ló máa gbébẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, Ọ̀gá Wẹ́dà ní, "Ẹsẹ̀ ilé adìẹ náà máa jẹ́ irin. Lórí ẹsẹ̀, ẹ ò lè yí mi lọ́kàn padà."

"Ẹsẹ̀ jẹ́ irin," Bàbá Lẹ́tà gbà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Abẹ́ igi ni wọ́n gbé e sí, níbi tí oòrùn àárọ̀ á ti kí i, tí ibòòji á sì ti bò ó lọ́sàn-án. Pákó ni ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin gbé e sókè tó orúnkún, kí ikán àti èkúté má bàa rí ọ̀nà gùn ún. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ga dé àyà Bàbá Lẹ́tà, ó sì lè dúró síbẹ̀ fi ìgbálẹ̀ kan gbogbo kọ̀rọ̀ láìtẹ orí ba. Àkàbà kékeré kan wà níwájú fún àwọn adìẹ. Wọ́n tú ilé aláwọ̀ ojú ọ̀run palẹ̀, wọ́n sì fi pákó rẹ̀ kan ìtẹ́ méjì. Ọ̀gá Wẹ́dà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àmọ́ pé èyí ò tiẹ̀ tó ohun tí wọ́n ń jó.

Ọjọ́ kẹfà ni Bàbá Lẹ́tà sọ ọ́. Ó di pákó ẹ̀gbẹ́ mú, Ọ̀gá Wẹ́dà wà nílẹ̀, ó ń fi bóòtù àti nọ́ọ̀tù de ẹsẹ̀ irin mọ́ ọn.

"Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n yín," ni Bàbá Lẹ́tà wí, "ọjọ́ Ẹtì ló dé ọwọ́ mi."

Ọ̀gá Wẹ́dà ò gbórí sókè. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ yín wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Irin ni mò ń jó, mi ò jó ojú ara mi."

"Ọdún mẹ́rin lẹ fi mọ̀, ẹ ò sọ nǹkan kan?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹnu yín lọ̀rọ̀ wà." Ó yí bóòtù náà lẹ́ẹ̀mejì sí i. "Obìnrin tó ń gbá ibùdó ọkọ̀ ló mú un wálé. Ó ní láti àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ẹrù lé itan, kò lọ jẹun, kò lọ mu omi, ó ní àbúrò òun ò ní pẹ́ dé. Kì í ṣe pé lẹ́tà pẹ́ ló dùn mí. Èèyàn máa ń gbàgbé nǹkan. Irọ́ tẹ́ ẹ pa fún mi lórí ògiri yẹn ni."

Bàbá Lẹ́tà ò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. "Ojú ló tì mí," ló wí. "Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ajá yín sì bà mí. Ẹni tó ti ń pín lẹ́tà látọdúnmọ́dún wá, tí ò lè sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé ajá lòun ń sá fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ajá wo? Ajá tèmi yìí?"

Àwọn méjèèjì wo ajá náà, tó ti tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ wá. Alárìnká wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ṣa irun rẹ̀ bí ẹni ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu Ọ̀gá Wẹ́dà, ẹ̀rín náà sì pọ̀ débi pé bóòtù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ di pákó yẹn mú dáadáa," ló wí nígbà tó rẹ́rìn-ín tán. "Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa lọ pàdé rẹ̀."

"Màá lọ láago mẹ́jọ."

"Aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ ń dé."

"Aago mẹ́jọ ni màá lọ."

Wọ́n ti àwọn adìẹ mọ́nú ilé tuntun náà fún ọjọ́ mẹ́ta, torí Màmá Ẹlẹ́yin ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe mọ̀ ọ́n sílé. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ṣí wọn sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àwọn ọkùnrin méjì náà gbé àga kalẹ̀, agbẹ̀bí náà sì gbé tirẹ̀ jáde, ó ní òun ò ní jókòó sínú ilé kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fo òun dá. Ọ̀gá, adìẹ dúdú náà, ló kọ́kọ́ gun àkàbà, ó bẹ ẹnu ọ̀nà wò, ó wọlé. Sùúrù tẹ̀ lé e bí ẹni tí kò sí ibòmíì tó ń lọ. Ẹlẹ́jọ́ rojọ́ títí dé òkè àkàbà kó tó gbà. Alárìnká dúró nílẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo ajá, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má sọ̀rọ̀," agbẹ̀bí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ tì í."

Alárìnká gùn ún. Nígbà tí wọ́n yọjú láti ẹ̀yìn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tò sórí igi, èjìká kan èjìká, wọ́n kọ ìdí sí wọn. Bàbá Lẹ́tà rọra ti ìkọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Wẹ́dà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, Sùúrù yé ẹyin àkọ́kọ́ láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́jọ́ ló ń kéde rẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé bíi pé òun ló yé e. Agbẹ̀bí gbé ẹyin náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e wò. "Ó kéré," ló wí, "àmọ́ ara rẹ̀ le."

Aago mẹ́jọ lóòótọ́ ni Bàbá Lẹ́tà lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lóṣù tó tẹ̀ lé e, òun ló sì gbé ẹrù bàbá arúgbó náà wálé lórí. Ẹyin méjì ni wọ́n fi gbà á lálejò. Ó jẹ ẹ́, ó ní òun ò rántí lẹ́tà kankan, àmọ́ òun rántí pé ìjókòó ibùdó ọkọ̀ yẹn le gan-an.

Ọ̀rọ̀ ilé adìẹ náà tàn ká. Èkíní-kejì ń wá wò ó láti orí ògiri. Láàárín oṣù mẹ́fà, Bàbá Lẹ́tà àti Ọ̀gá Wẹ́dà ti kọ́ mẹ́ta mìíràn, wọn ò sì kọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀ láìjà lórí ibi tí irin yẹ kó dé. Kí wọ́n tó wọn ohunkóhun, ẹni tó máa gbá a ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ní kó nàró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni agẹrun tó wà ní ìkòríta wá bá wọn. Ẹnì kan ti fún un ní pẹ́pẹ́yẹ méjì, ó sì ń fẹ́ ilé tó dáa fún wọn.

Ọ̀gá Wẹ́dà na téèpù. Bàbá Lẹ́tà mú pẹ́ńsù. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Pẹ́pẹ́yẹ," Ọ̀gá Wẹ́dà wí, "ṣé orí igi ló ń sùn?"

"Àbí inú omi?"

Agẹrun náà ò mọ̀. Nígbà tí agbẹ̀bí ti ibi iṣẹ́ dé láago méjì, kò bá ẹnì kankan nílé. Téèpù wà lórí àga, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti lọ wá ẹni tó mọ̀ nípa pẹ́pẹ́yẹ.